Wọ́n ní kí n san mílíọ̀nù mẹ́ta sílẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ojú màmá mi, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Àbẹ̀kẹ́ Alásọ-Òkè
Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú ilé o. Ọ̀rọ̀ màmá mi ni mo gbé wá. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n, aṣọ òkè ni wọ́n ń tà ní Ọjẹ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ó ti tó bí oṣù mẹ́fà tí wọ́n ti ń ṣàròyé ojú, mo sì rò pé ojú àgbà lásán ni. Ọjọ́ tí àyà mi já ni ọjọ́ tí wọ́n na ẹtù kan sílẹ̀, tí wọ́n ní kí n bá àwọn pe ahunṣọ, pé ìlà tó hun wọ́. Mo wo ẹtù náà. Gbogbo ìlà rẹ̀ ló gún régé.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n sọ fún mi pé, "Mo rí gèlè ẹ, mo rí yẹtí ẹ, ibi tí ojú ẹ wà ni mi ò rí." Mo wọ balùwẹ̀ lọ, mo sunkún.

Ilé ìwòsàn kan tí a lọ ní kì í ṣe kataráàtì, pé mákúlà ló ń gbó, pé kò sí nǹkan tí àwọn lè ṣe sí i. Wọn ò ṣàlàyé jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ni ọkùnrin kan bá pè mí, ó ní òun lè bá wa ṣètò iṣẹ́ abẹ lókè òkun: wọ́n á fa ọ̀rá níkùn màmá, wọ́n á yọ sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, wọ́n á gún un sí ojú méjèèjì lọ́jọ́ kan náà. Mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà ni, kí n san mẹ́ta sílẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí. Mo ní ilẹ̀ kan tí mo lè tà. Mo sì kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé lóòótọ́ ni wọ́n ń gbin sẹ́ẹ̀lì sójú. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì
Olúwa á la ojú màmá wa. Ẹ má tíì ta ilẹ̀ o.

Bọ̀dá Láyí
Ẹ kán omi àlùbọ́sà sí i láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún ìyá àgbà wa.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Bọ̀dá Láyí, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Ẹ̀yìn ẹyinjú ni àìsàn yìí wà, àlùbọ́sà ò lè débẹ̀, iwájú ojú ni yóò bó. Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ojú kí n tó fẹ̀yìn tì, mo ti rí ojú tí irú omi bẹ́ẹ̀ bà jẹ́.

Àbẹ̀kẹ́, ọmọ mi, fara balẹ̀ kà á. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń gba àwòrán lẹ́yìn ojú là ń pè ní rẹ́tínà. Àárín rẹ̀ gan-an ni mákúlà, òun la fi ń kàwé, òun la fi ń dá ojú èèyàn mọ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan tẹ́ pẹrẹsẹ sábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń bọ́ ọ, tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí rẹ̀ dànù. Tí àwọn yẹn bá kú, àwọn tó ń ríran lórí wọn á kú tẹ̀lé wọn. Ìdí nìyí tí màmá fi ń rí yẹtí rẹ tí wọn ò rí ojú rẹ.

Gbígbin sẹ́ẹ̀lì kì í ṣe irọ́. Ní Japan, oṣù kẹsàn-án ọdún 2014, dókítà ojú kan tó ń jẹ́ Masayo Takahashi àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú awọ ara ìyá kan tó ti lé ní 70 ọdún, wọ́n sọ ọ́ di irú sẹ́ẹ̀lì yẹn, wọ́n tẹ́ ẹ sábẹ́ rẹ́tínà ojú kan ṣoṣo. Lẹ́yìn ọdún kan, ojú náà ò burú sí i, kò sì sàn sí i. Ní ilé ìwòsàn ojú Moorfields, ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gbin irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ fún èèyàn méjì, ìròyìn rẹ̀ jáde lọ́dún 2018, àwọn méjèèjì sì tún ń kàwé. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo gbọ́ ọ. Àmọ́ èèyàn méjì péré ni, ìwádìí ni.

Ti ọ̀rá ikùn yẹn, sá fún un! Ní Florida, ní Amẹ́ríkà, ìyá mẹ́ta tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín 72 sí 88 san 5,000 dọ́là ẹnì kọ̀ọ̀kan fún irú rẹ̀ gan-an, ojú méjèèjì lọ́jọ́ kan. Wọ́n ṣì ń ríran nígbà tí wọ́n wọlé. Ìgbà tí wọ́n fi máa jáde nínú ọ̀rọ̀ náà, ojú ti fọ́. Ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn, New England Journal of Medicine, gbé e jáde lọ́dún 2017. Oníwàádìí tòótọ́ kì í gba mílíọ̀nù lọ́wọ́ aláìsàn, kì í sì í fi ojú méjèèjì wewu lẹ́ẹ̀kan.

Ní alẹ́ òní, bo ojú màmá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo ẹtù yẹn, kí o sọ ohun tí wọ́n rí fún mi.

Bàbá Ọmọ Mẹ́ta
Ohun tó ṣe bàbá mi nìyí. Oríṣi méjì ló wà, gbígbẹ àti èyí tó ń jo. Tiwọn ń jo: iṣan ẹ̀jẹ̀ tí kò yẹ kó síbẹ̀ hù lábẹ́ mákúlà. Férémù ilẹ̀kùn ló kọ́kọ́ wọ́ lójú wọn. Abẹ́rẹ́ bevacizumab, tó jẹ́ oògùn jẹjẹrẹ ìfun níbẹ̀rẹ̀, ni wọ́n ń gún sí wọn lójú lóṣooṣù. Wọ́n ń kọ́kọ́ fi oògùn sí ojú náà kó má bàa dùn wọ́n. Bàbá ní ó kàn dà bí ìgbà tí èèyàn fi ìka tẹ òun ni. A ti pẹ́ jù fún ojú ọ̀tún. Tòsì la rí gbà là, wọ́n ṣì ń fi ka Bíbélì. Ẹ lọ sí UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn, ẹ ní dókítà rẹ́tínà lẹ fẹ́ rí, ẹ ní kí wọ́n ya OCT, àwòrán tó ń fi ẹ̀yìn ojú hàn, fún wọn. Ẹ má fi falẹ̀ rárá.

Àbẹ̀kẹ́ Alásọ-Òkè
Màmá Nọ́ọ̀sì, mo ti ṣe é. Ojú òsì: dúdú ló wà láàárín. Ojú ọ̀tún: wọ́n rí gbogbo ìlà, ó kàn wọ́ díẹ̀ ni.

Nọ́ọ̀sì Àgbà
Ojú ọ̀tún yẹn la máa sáré sí. Tó bá ń jo, abẹ́rẹ́ wà. Tó bá gbẹ, fítámì C àti E pẹ̀lú síńkì àti lutein, èròjà inú ẹ̀fọ́, lè mú kó rọra máa lọ, àmọ́ kì í dá èyí tó ti lọ padà. Má dúró de ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ Alásọ-Òkè
Mo pe ọkùnrin náà padà, mo ní kí ló dé tó fi jẹ́ ojú méjèèjì lẹ́ẹ̀kan. Ó ní kí n má fi ìbéèrè fọ́ ìyá mi lójú, ó gé fóònù. Aago mẹ́fà àárọ̀ ọ̀la la máa jáde. Màmá ti ká ẹtù náà sínú báàgì, wọ́n ní kí dókítà fi ojú ara rẹ̀ rí ìlà tí àwọn ń sọ.