Ráífù tí n kò fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́ àti ìbọn ìléwọ́ tí wọ́n fi lọ̀ mí: ìrírí tèmi ní Abẹ́òkúta

Mo ti ka ohun tí àwọn kan kọ láti fi béèrè ìmọ̀ràn nípa ìbọn ọdẹ tó wà nílé tí ẹnikẹ́ni kì í fi bẹ́ẹ̀ lò mọ́, tí ẹni tó ni ín sì ń rò ó bóyá kí òun fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìbọn ìléwọ́ tí òun lè fi ṣọ́ ilé. Ọ̀rọ̀ náà kàn mí gbọ̀ngbọ̀n, nítorí pé èmi náà ní ráífù, mo sì ro ọ̀rọ̀ yìí síwá sẹ́yìn fún ìgbà pípẹ́ kí n tó mọ ibi tí màá fàbọ̀ sí. Ohun tí ojú mi rí àti ohun tí mo fi etí ara mi gbọ́ ni màá sọ.

Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n mo ti ní oko kan ní ọ̀nà Ọ̀dẹ́dá láti ìgbà tí agbára ṣì wà. Àgbàdo, ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀wà ni mo ń gbìn níbẹ̀, ọ̀yà àti ọ̀bọ ni kì í sì í jẹ́ kí n rí èrè wọn jẹ. Ẹni tí kò dáko rí lè rò pé eré ni ọ̀bọ ń ṣe nínú oko. Ẹ jẹ́ kí agbo wọn wọ inú àgbàdo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbó lówùúrọ̀, kí ẹ wá wo ohun tó kù níbẹ̀ lọ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tí mo fi ra ráífù .22, ìbọn kékeré tí ọta rẹ̀ kò fẹ̀ tó mìlímítà 6, tí mo sì bá ọ̀nà tó yẹ lọ, láti Ẹlẹ́wẹ́rán níbi tí olú ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ wa wà, títí mo fi gba ìwé àṣẹ rẹ̀, tí mo sì ń tún ìwé náà ṣe lọ́dọọdún.

Ní báyìí, orúnkún kò gbà fún mi mọ́. Ọmọkùnrin mi àgbà ló ń mójú tó oko náà, ẹ̀gẹ́ nìkan ló sì kù tí a ń gbìn. Ráífù ọ̀hún wà nínú àpótí onírin, ọta rẹ̀ wà nínú àpótí mìíràn ní yàrá mìíràn, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ méjèèjì wà. Ohun tí mo ń fi í ṣe kò ju kí n máa nù ún lọ. Ẹni tó bá ní ìbọn ní ìlú yìí mọ̀ pé òjò kì í fi irin lọ́rùn sílẹ̀: ní ibi tí irin ti pàdé igi ni ìpẹtà ti máa ń kọ́kọ́ yọ, pupa rẹ́súrẹ́sú, tí ènìyàn kò ní rí bí kò bá gbé e súnmọ́ fèrèsé. Màá fi àkísà funfun tó ti mu òróró sórí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́, màá tì í wọ inú ìbọn láti ẹ̀yìn, ọ̀pá náà yóò sì máa yí díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ mi, nítorí pé àkísà ń tẹ̀lé àwọn ilà tí wọ́n gbẹ́ yípo sínú rẹ̀. Ilà wọ̀nyẹn ló ń mú kí ọta máa yí bó ṣe ń jáde, kó lè lọ tààrà. Àwọn náà ló sì ya ráífù sọ́tọ̀ sí ìbọn ọdẹ ẹlẹ́nu kan tàbí ẹlẹ́nu méjì, tí inú tiwọn ń jọ̀lọ̀.

Ìbẹ̀rù ló mú èrò ìbọn ìléwọ́ wá sí mi lọ́kàn. Àwọn adigunjalè wọ ilé kan ládùúgbò wa lóru, ìròyìn àwọn ajínigbé lọ́nà oko kò sì jẹ́ kí olórí ẹbí sùn dáadáa. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara mi pé kí ni ráífù yìí wà fún. Ó gùn, kò ṣeé yí láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kí n tó ṣí àpótí méjì nínú òkùnkùn, ẹni tó ń bọ̀ ti wọlé dé. Mo wá ń rò ó pé bí mo bá ní èyí tó ṣeé fi sábẹ́ ìrọ̀rí, ọkàn mi yóò balẹ̀. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ìyàwó mi, ohun tó fi dá mi lóhùn ni pé, "Bàbá ọmọ mi, ṣé ìrọ̀rí tí àwọn ọmọ-ọmọ wa ń jà sí yẹn náà ni?" Mo dákẹ́, ṣùgbọ́n èrò náà kò kúrò lọ́kàn mi.

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni ojúlùmọ̀ kan mú ọkùnrin kan wá bá mi nílé. Ọkùnrin náà ní kí n gbé ráífù mi fún òun, kí n sì fi owó díẹ̀ lé e, òun yóò fún mi ní ìbọn ìléwọ́ tí òun mú wá, tó jẹ́ pé òyìnbó ló ṣe é. Mo béèrè ìwé rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá yìí náà, ta ló ń béèrè ìwé irú èyí?" Mo ní kó máa lọ, n kò tilẹ̀ jẹ́ kó tú aṣọ tó fi wé e. Ìbọn tí kò ní ìwé ti gba ọwọ́ tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà á kò mọ̀. Bí wọ́n bá ti fi ṣe iṣẹ́ ibi kan rí, ẹni tí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọn yóò ní kó wá ṣàlàyé.

Lẹ́yìn tó lọ tán, mo lọ bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ agbẹjọ́rò, ó sì ṣí Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 fún mi. Ìpele mẹ́ta ni òfin náà pín ìbọn sí. Ìpele kejì ni ráífù ìṣọdẹ bíi tèmi wà, pẹ̀lú ìbọn ọdẹ tí a ń fi ọwọ́ ki ọta sí àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ọ̀gá àgbà àwọn ọlọ́pàá ní Nàìjíríà ló láṣẹ lórí ìwé wọn. Ìpele kẹta ni ṣakabùlà àwọn bàbá wa wà, èyí tí à ń ti ẹnu ki ẹ̀tù sí. Àwọn tó wà ní ìpele kìíní ni òfin kà léèwọ̀, kò sì sí ẹni tó lè yọ̀ǹda wọn fún aráàlú bí kò ṣe Ààrẹ orílẹ̀-èdè fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ ni bọ́ǹbù àti ìbọn arọ̀jò-ọta wà, ibẹ̀ kan náà ni ìbọn ìléwọ́ wà, gbogbo oríṣi rẹ̀. Mo ní kó tún ibẹ̀ kà. Ráífù tó bá ń lo ọta .303 tàbí 7.62 mìlímítà bíi ti ológun náà wà níbẹ̀, nítorí náà kí ẹni tó bá jogún ráífù àtijọ́ kọ́kọ́ wo irú ọta tó ń lò kó tó sọ pé ohun ọdẹ lásán ni.

Ó tún fi òfin mìíràn hàn mí, èyí tí wọ́n ṣe ní 1984 lórí ìdigunjalè àti ìbọn: ẹni tó bá ní ìbọn lọ́wọ́ láìtọ́ yóò san 20,000 náírà, tàbí kó ṣe ẹ̀wọ̀n tí kò gbọdọ̀ dín sí ọdún 10, tàbí kí wọ́n dá méjèèjì fún un. Ẹ wá ro ohun tí à ń pè ní pàṣípààrọ̀ yìí wò. Ẹni tó ní ohun tí òfin mọ̀ sí lọ́wọ́ yóò gbé e fún ẹni tí kò ní ìwé àṣẹ, èyí tó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lọ́tọ̀, yóò sì gbé ohun tí òfin kà mọ́ bọ́ǹbù wọlé dípò rẹ̀.

Àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé ní Houston ní ìpínlẹ̀ Texas ti ṣe irú pàṣípààrọ̀ yìí lọ́nà tó bá òfin ibẹ̀ mu. Ó gbé ráífù rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù oníṣòwò tó ní ìwé àṣẹ, ó kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù ìjọba, wọ́n yẹ orúkọ rẹ̀ wò, ó sì ti ju ọmọ ọdún 21 lọ, nítorí pé lábẹ́ òfin ìgbà náà, oníṣòwò kò gbọdọ̀ ta ìbọn ìléwọ́ fún ẹni tí kò tó bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó bá ti pé ọdún 21 ní Texas, tí òfin kò dí lọ́wọ́, lè gbé e kiri láìgba ìwé àṣẹ. Mo ń sọ èyí nítorí pé àwọn fídíò tí àwọn ọmọ wa ń wò, òfin ibẹ̀ ló wà nínú wọn, kì í ṣe tiwa.

Síbẹ̀, ohun tó sọ fún mi lórí fóònù wúlò fún ẹnikẹ́ni níbikíbi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìbọn ìléwọ́ rọrùn." Èjìká, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti ọwọ́ méjèèjì ló ń di ráífù mú, ṣùgbọ́n ọwọ́ nìkan ló ń di ìbọn ìléwọ́ mú. Àmì ìfojúsùn iwájú àti ti ẹ̀yìn súnmọ́ ara wọn lórí rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí ọwọ́ bá gbọ̀n díẹ̀, ọta á ti yà lọ síbòmíràn. Ó ní títí òun fi ń lọ kọ́ ọ déédéé ni òun ń ṣi bébà tó wà ní mítà 7 péré yìn, níbi tí iná mọ́lẹ̀ sí, tí ẹnikẹ́ni kò sì dẹ́rù ba òun. Mo wá bi ara mi pé níbo ni bàbá arúgbó yóò ti kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Ẹ̀gbá kì í ṣe aláìmọ ìbọn. Ọdẹ àti jagunjagun ni Ṣódẹkẹ́ tó ṣáájú àwọn baba wa dé abẹ́ Olúmọ ní 1830, ìbọn sì wà lára ohun tí wọ́n fi dúró lẹ́yìn odi ìlú nígbà tí ogun Dàhómì dé ní 1851 àti ní 1864. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo bí àwọn ọdẹ wa ti ń gbé ìbọn títí dòní. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ìtòkò, ọdẹ láti ìran dé ìran, kì í gba àárín ènìyàn kọjá láìjẹ́ pé ó dorí ẹnu ìbọn rẹ̀ kọ ilẹ̀, kódà kí ó má sí nǹkankan nínú rẹ̀. Àwọn ló ń sọ pé ìbọn ní apátí, kò lápátí, ta ní jẹ́ jẹ́ ká kọjú rẹ̀ kọ òun. Nígbà tí mo sọ èrò mi fún un, ó wò mí títí, ó wá béèrè pé, "Tíṣà, ẹran wo lẹ fẹ́ fi pa?"

Ìbéèrè yẹn ló tú gbogbo ọ̀rọ̀ náà ká fún mi. Mo mọ̀ pé ìbọn ìléwọ́ wà nínú ìdíje Òlíḿpíìkì láti 1896, n kò sì sọ pé gbogbo ẹni tó ní in lágbàáyé ló ní èrò ibi. Ṣùgbọ́n ní ilé tèmi, kò sí ohun tí ìbọn ìléwọ́ ì bá wà fún bí kò ṣe ènìyàn, n kò sì fẹ́ kí ohun tó ń dúró de ènìyàn wà níbi tí ọmọ ọdún mẹ́rin ń sáré kiri. Ráífù tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ lò kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkankan. Oko ni iṣẹ́ rẹ̀, bí oko bá sì tún fẹ́ ẹ, ó wà.

Mo padà lọ sí ọ́fíìsì àwọn ọlọ́pàá láti béèrè bí mo ṣe lè fi ráífù náà lé ọmọ mi lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó dá mi lóhùn fún mi ní àga, ó ní, "Bàbá, ẹni tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ síwèé nìkan ló nìwé. Kì í ṣe ogún." Ọmọ mi gbọ́dọ̀ béèrè fún tirẹ̀, wọ́n á sì yẹ̀ ẹ́ wò: òfin kò gbà kí wọ́n fún ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa, ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ọ̀mùtí, tàbí ẹni tí ilé ẹjọ́ ti dá lẹ́bi ìwà ipá láàárín ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Mo gba èyí tọkàntọkàn, nítorí pé ojú tèmi náà ti ń ṣe bàìbàì, mo sì mọ̀ pé ọdún tí màá fi tún ìwé mi ṣe kò ní pọ̀ mọ́. Ọmọ mi ti kọ̀wé béèrè. Owó tí ọkùnrin yẹn fẹ́ kí n fi lé ráífù ni mo fi ṣe ilẹ̀kùn onírin sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi iná sí ẹ̀yìnkùlé, mo sì san tèmi nínú owó àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ àdúgbò wa.

Ẹ̀yin tí ẹ béèrè ìmọ̀ràn, bí ìwé àṣẹ ráífù yín bá ti kọjá àkókò, ẹ má gbé ìbọn náà jáde sójú títì láti lọ fi hàn ẹnikẹ́ni. Ẹ fi í sínú àpótí tó ní àgádágodo, kí ẹ mú ìwé àtijọ́ yẹn nìkan dání, kí ẹ sì kọ́kọ́ lọ rí agbẹjọ́rò, kí ẹ̀yin àti òun lè jọ lọ bá àwọn ọlọ́pàá sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe fẹ́ kí ẹ gbé e wá.