Àwo Ofege dé pálọ̀ bàbá mi

Ẹ̀yin ará, mo ti ka ohun tí ẹ kọ síbí láti òkè délẹ̀, nípa bí ẹ ṣe kọ́kọ́ gbọ́ Ofege, ẹgbẹ́ olórin àwọn ọmọ ilé-ìwé Èkó. Ẹnì kan ní ọmọ òun tó wà lókè òkun ló kọ́kọ́ fi Ofege gbọ́ òun létí, ẹlòmíràn ní orí íntánẹ́ẹ̀tì lòun ti bá a pàdé lẹ́yìn tí àwọn òyìnbó tún un tẹ̀. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àwa kan ṣì wà láyé tó jẹ́ pé orí ẹ̀rọ pálọ̀ la ti gbọ́ ọ nígbà tó ṣì gbóná, tí gọ́ọ̀mù etí páálí rẹ̀ ṣì ń rùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Surulere là ń gbé. Ọdún 1973 ni EMI, ilé-iṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde, gbé Try and Love, àwo àkọ́kọ́ Ofege, jáde, ó sì di ọdún tó tẹ̀ lé e kó tó tàn dé àdúgbò wa. Ogun abẹ́lé ti parí láti 1970, náírà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ipò pọ́n-ùn, jìtá sì ti ń dún ní gbogbo kọ̀rọ̀ Èkó. Ọdún 1973 yẹn kan náà ni Paul McCartney, ọ̀kan nínú àwọn Beatles tẹ́lẹ̀ rí, wá ká èyí tó pọ̀ jù nínú àwo rẹ̀, Band on the Run, ní sítúdíò EMI ní Apapa. Ìyẹn ò kan àwa ọmọ ilé-ìwé tó bẹ́ẹ̀. Èyí tó kàn wá ni pé àwọn ọmọ girama, ọmọ St. Gregory's College ní Obalende, tí irùngbọ̀n ò tíì hù lágbọ̀n wọn, ti bá EMI ṣe odidi àwo ńlá, ojú kìíní àti ojú kejì.

Ẹ̀yin tí ẹ kéré lọ́jọ́ orí lè máà mọ bí ìyẹn ṣe wúwo tó. Lójú àwọn òbí wa, alágbe ni olórin. Ọmọ tó bá gbé jìtá, igbá agbe ló gbé yẹn. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, Fela ni wọ́n sì máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. "Ẹ wo ọmọ Ransome-Kuti," wọ́n á ní, "ọmọ àlùfáà, ọmọ ọ̀gá ilé-ìwé. Wọ́n ní kó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà ní London, ó lọ ki fèrè bọnu." Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa ń parí sí. Fela kọ́ ni èèyàn máa fi gbèjà ara rẹ̀ níwájú akọ̀wé ìjọba.

Ofege ló wá fún wa lésì.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀rẹ́ mi kan ló ra àwo náà. Ilé wa la gbé e wá nítorí pé ilé wa ni rẹ́díógíráàmù wà, àpótí onígi gbọọrọ kan báyìí, rédíò lápá kan, ibi àwo lápá kejì, tí ìyá mi fi aṣọ funfun tí wọ́n fọwọ́ hun bò lórí. Ọ̀sán la máa ń gbọ́ ọ, kí bàbá tó ti ọ́fíìsì dé.

Abẹ́rẹ́ balẹ̀, jìtá bẹ̀rẹ̀. Jìtá háílàìfù tí a mọ̀, ìró kọ̀ọ̀kan rẹ̀ máa ń dá dúró ni, á mọ́ gaara. Ti Ofege ń ya, bí ìgbà tí èèyàn bá fa aṣọ tuntun ya, ó sì ń fà gùn kọjá ibi tó yẹ kó ti dákẹ́. Kí n má parọ́, ohùn orin wọn ò lágbára. Nígbà mìíràn wọ́n á fẹ́ gun òkè, wọn ò ní débẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí wọ́n sì ń kọ, ọ̀rọ̀ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni. Odion Iruoje ló ṣe alábòójútó àwo náà ní EMI, ẹni tó ti bá Fela fúnra rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó lè pe àwọn àgbà olórin wá kí wọ́n wá tún un kọ. Ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà pé ibẹ̀ gan-an lọgbọ́n rẹ̀ wà. Ẹ gbọ́ orin It's Not Easy nínú àwo náà: ẹni tó ń kọ ọ́ ò tíì rí nǹkan kan láyé, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà ń dùn ún dénú.

A mọ ẹgbẹ́ olórin BLO nígbà náà, a mọ ẹgbẹ́ àwọn Funkees. Àgbà ni wọ́n. Bí a bá gbọ́ BLO, a ó jókòó, a ó máa mirí. Bí a bá gbọ́ Ofege, ọwọ́ á máa yún wa.

Bí àwa mẹ́ta kan ṣe kóra jọ nìyẹn. Ọ̀kan nínú wa ní jìtá onígi tó há ẹ̀rọ agbóhùn kékeré mọ́ ojú ihò rẹ̀. Anpilifáyà, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn jìtá sókè, ni a ò ní. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ rédíò títún ṣe lópòópónà wa ló fi hàn wá pé ihò kan wà lẹ́yìn rẹ́díógíráàmù tí wọ́n ń ki wáyà ẹ̀rọ mìíràn bọ̀, pé ohunkóhun tó bá gba ibẹ̀ wọlé, àwọn gílóòbù inú rẹ̀, àwọn tó ń mú ohùn tóbi, á gbé e jáde. A so jìtá mọ́ ọn. Nígbà tí ohùn rẹ̀ wà nílẹ̀, jìtá lásán ni. A yí i sókè títí bọ́tìnnì ò fi lè yí mọ́, ẹrù pọ̀ jù fún gílóòbù, ni ohùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Ohùn Ofege nìyẹn! Àwọn olórin olówó a máa ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí jìtá lè fọ́ báyẹn. Inú àpótí tí bàbá mi fi ń gbọ́ ìròyìn NBC, rédíò ìjọba nígbà náà, ni tiwa ti jáde. Aṣọ ìyá mi ń gbọ̀n lórí rẹ̀, fọ́tò ìgbéyàwó wọn nínú fíríìmù sì ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí àpótí.

Lọ́jọ́ kan, bàbá tètè dé. Ariwo ò jẹ́ ká gbọ́ ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ mi sáré dọ̀bálẹ̀ tòun ti jìtá lọ́rùn, orí jìtá gbá ilẹ̀, ohun tó sì tẹnu rẹ́díógíráàmù jáde, àwọn ará ilé kejì yọjú.

"Kí lẹ ń fi rédíò mi ṣe?"

Mo fọwọ́ méjèèjì gbé páálí àwo fún wọn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ ilé-ìwé ni wọ́n. Ọmọ Gregory's ni wọ́n, sà."

"Gregory's?"

Ohùn wọn wálẹ̀. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni bàbá mi, ṣùgbọ́n ilé-ìwé tí àwọn Àgùdà dá sílẹ̀ láti 1928 kì í ṣe ohun tí wọ́n lè fojú di. Wọ́n wọ jígí wọn, wọ́n yí páálí síwá, wọ́n yí i sẹ́yìn. Mo ń ka orúkọ àwọn ọmọ náà láti orí: Melvin Ukachi, Paul Alade, Felix Inneh, Mike Meme, Dapo Olumide. "Alade? Alade ti ibo?" Mi ò mọ̀. Wọ́n bọ́ sórí àkọlé àwọn orin, ojú wọn wá dúró lórí Nobody Fails.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Ṣé wọ́n ti ṣe WAEC ni?"

Mo ní ó jọ pé wọ́n ń múra rẹ̀ lọ́wọ́, sà.

"Kí èsì jáde ná."

Wọ́n fòfin de rẹ́díógíráàmù lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n wọn ò gba àwo lọ́wọ́ wa, mi ò sì gbọ́ igbá agbe lẹ́nu wọn mọ́. Tẹ́lẹ̀, ohun tí à ń jà lé lórí nílé ni bóyá ọmọ gidi lè kọrin. Lẹ́yìn ìyẹn, ó di bóyá ṣáájú ìdánwò ni tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ìyàtọ̀ ńlá ni fún ọmọ ọdún mẹ́rìnlá. Kì í sì í ṣe ilé wa nìkan: àwọn ọ̀rẹ́ mi ní ilé-ìwé mìíràn náà ń fi "ọmọ Gregory's ni wọ́n" bá òbí wọn jà.

Ẹnì kan béèrè lókè pé èwo ló dáa jù nínú àwo wọn. The Last of the Origins dé ní 1976, Higher Plane Breeze ní 1977, How Do You Feel ní 1978. Ọwọ́ wọn ti rọ̀ nídìí iṣẹ́ nígbà náà, ohùn ti já gaara. Ẹ lè bá mi jà o, mi ò ní fi èyíkéyìí nínú wọn pààrọ̀ ti àkọ́kọ́. Ẹgbẹ́ tiwa ní tirẹ̀ ò débi kankan. A ṣeré nílé-ìwé ní ìparí táàmù, olùkọ́ kan ní ariwo ti pọ̀ jù, ó pa iná. Ẹni tó ni jìtá ti di ẹnjiníà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ra èyí tí wọ́n tún tẹ̀ fún mi. Béèsì tí ẹ̀rọ ilé wa ò gbé jáde rí, mo wá ń gbọ́ ọ ketekete, mo sì gbádùn rẹ̀.

Ẹ̀yin ọmọ Gregory's àtijọ́ tó wà níbí, ẹ má kàn máa kà á lọ. Níbo làwọn ọmọ yẹn ti ń gbára dì nínú ọgbà? Ta ló sì ń dijú sí i nínú àwọn fadá àti tíṣà? Ó dá mi lójú pé ẹnì kan dijú.