Ta ni Amẹ́ríkà là níjà ní Kúbà? Èsì lórí 'ẹ̀tọ́ ìlàjà'

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi,

Alàgbà tí wọ́n tú òfin Platt ti ọdún 1901, tí Amẹ́ríkà ṣe lórí Kúbà, sí Yorùbá pè é ní 'Àtúnṣe Platt', wọ́n sì pe agbára tí abala kẹta rẹ̀ fún Amẹ́ríkà láti wọ inú ọ̀rọ̀ Kúbà ní 'ẹ̀tọ́ ìlàjà'. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, ṣùgbọ́n n kò lè gba 'ìlàjà' yìí rárá.

Ẹ jẹ́ kí a wo 'là' inú rẹ̀. Òun náà ni a fi ń la igi: ohun kan ni yóò pín sí méjì. Onílàjà gbọ́dọ̀ bá ẹni méjì tí wọ́n ti wọ̀yá ìjà, kí ó bọ́ sáàárín wọn láìní ìpín nínú ohun tí wọ́n ń jà lé, ìdí sì nìyẹn tí àwọn àgbà fi ní onílàjà ní í fara gbọgbẹ́. Ta ni ó gbọgbẹ́ ní Kúbà? Ní 1912, nígbà tí àwọn aláwọ̀ dúdú inú ẹgbẹ́ òṣèlú Evaristo Estenoz dìde nítorí òfin tí ó ka ẹgbẹ́ wọn léèwọ̀, Amẹ́ríkà kó ọmọ ogun wá láti ṣọ́ oko ìrèké àti dúkìá àwọn ará Amẹ́ríkà, àwọn ológun Kúbà sì ráyè pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún dúdú, àti Estenoz fúnra rẹ̀. Ọmọ ìran wa wà láàrin àwọn dúdú Kúbà. Ó dùn mí pé èdè wa ni a fẹ́ fi pe èyí ní ìlàjà.

Ẹnìkan lè ní ti 1906 ńkọ́, nígbà tí ẹgbẹ́ méjì ń bá ara wọn jà lóòótọ́. Mo gbà pé ìjà wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí Estrada Palma fi ipò ààrẹ sílẹ̀, William Taft, ará Amẹ́ríkà, ni ó gba ìjọba, Charles Magoon, ará Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, sì tẹ̀lé e títí di 1909. Onílàjà kì í gba ìjọba ìlú. Juan Gualberto Gómez, ọmọ ẹrú tí ó wà nínú ìgbìmọ̀ òfin ìpìlẹ̀ Kúbà, ti kìlọ̀ pé gbígba abala náà dà bí kí a fún Amẹ́ríkà ní kọ́kọ́rọ́ ilé wa, kí wọ́n máa wọlé tọ̀sán-tòru. Síbẹ̀, ìbò 16 sí 11 ni wọ́n fi gbà á.

Alàgbà tí wọ́n tú òfin náà ní olùkọ́ àwọn ní yunifásítì lo 'ìlàjà' bẹ́ẹ̀. Ìyá bàbá mi, tí wọ́n ń parí ìjà ní agboolé wa, kì í pe ẹni tí ó gbè sẹ́yìn ẹnìkan ní onílàjà; 'agbèjà' ni wọ́n ń pè é. Nínú 'gbè' àti 'là' ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

'Ẹ̀tọ́ ìdásí' ni mo fara mọ́. Àwọn kan ní 'dá sí' lè túmọ̀ sí kí a má pa ènìyàn, ṣùgbọ́n 'dá ẹ̀mí sí' ní ohun tí ó wà láàrin 'dá' àti 'sí'. 'Dá sí ọ̀rọ̀' kò ní.

Ní ti 'àtúnṣe', 'àfikún' ni ó tọ́. Ara òfin ìnáwó ológun ni wọ́n so ó mọ́ ní Washington, ìdí òfin ìpìlẹ̀ Kúbà ni wọ́n so ó mọ́ ní Havana, ibẹ̀ ni ó sì wà títí wọ́n fi pa á rẹ́ ní 1934. Ṣùgbọ́n èsì alàgbà náà lórí 'là' ni mo ń retí ṣáájú.