"Atúnbàálùṣe" kò bá a mu: èsì sí àbá ẹ̀gbọ́n wa ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó. Ẹ̀gbọ́n wa ní Ìjẹ̀bú-Òde dábàá pé kí á máa pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ bàálù ní "atúnbàálùṣe", kí ìwé àṣẹ rẹ̀ sì máa jẹ́ "òmìnira", bíi ti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó parí lọ́dọ̀ ọ̀gá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ méjèèjì.

Ohun tó bàjẹ́ là ń tún ṣe. Mọ́tò tó kọ̀ tí kò ṣíná ni wọ́n ń wọ́ tọ mẹkáníìkì lọ ní Ṣàgámù. Bàálù kì í dúró di ìgbà náà. Bí ó bá ti fò dé iye wákàtí kan, wọ́n á tú u yẹ̀ wò, kódà bí nǹkan kan ò ṣe é. Ìtọ́jú nìyẹn, bí a ti ń tọ́jú aboyún tí kò ṣàìsàn. "Atọ́jú-bàálù" ni tèmi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan kọ́ṣẹ́ mọ́tò kó tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ òfurufú ìjọba ní Zaria, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964. Òun ló fi wáyà kan hàn mí. Wáyà tín-ín-rín ni. Wọ́n á kì í bọ ihò orí bóòtù kan, wọ́n á lọ́ ọ pọ̀, wọ́n á fà á dé orí bóòtù kejì. Ìhà tí bóòtù ń yí sí nígbà tí a bá ń dè é ni wáyà gbọ́dọ̀ máa fà á sí, tó fi jẹ́ pé bí ọ̀kan bá fẹ́ tú, ṣe ni yóò máa de èkejì le sí i. Bí ọmọ náà bá lọ́ ọ sí òdì, ọ̀gá á gé e dànù, á ní kó tún bẹ̀rẹ̀. "Wáyà adènà-ìtú" ni mo pè é.

Ó ku "òmìnira". Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ tó bá gba òmìnira ti di ọ̀gá ara rẹ̀ nìyẹn. Ti bàálù yàtọ̀. Òfin ICAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfurufú, ní kí ẹni tó fẹ́ gba ìwé àṣẹ ti pé ọmọ ọdún 18, kó ti lo ọdún 4 lẹ́nu iṣẹ́, tàbí 2 bí ó bá kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, kó sì yege ìdánwò. Ọjọ́ tó gba ìwé yẹn gan-an ni ẹrù ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí rẹ̀: òun ni yóò fọwọ́ sí i pé bàálù yìí yẹ fún fífò, orúkọ rẹ̀ ni wọn yóò sì bá níbẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ láìní ìwé náà, lábẹ́ ẹni tó ní in. Nítorí náà, orúkọ méjì la nílò: "atọ́jú-bàálù" fún gbogbo wọn, "afọwọ́sí-bàálù" fún ẹni tó gba ìwé.

Pápá ọkọ̀ òfurufú ti wà láàárín Ìpẹru àti Ìlíṣàn báyìí. Àwọn ọmọ Rẹ́mọ mọ páílọ́ọ̀tì. Ó dùn mí pé wọn ò ní orúkọ fún ẹni tó wà lábẹ́ ìyẹ́ bàálù.

Ọ̀kan kù o: sípánà tó máa ń dún "kẹ́" tó bá ti de bóòtù dé iye tí ìwé bàálù sọ. Ṣé "sípánà onídiwọ̀n" tọ́, ẹ̀gbọ́n?