Ta ló mọ Abaka, ibi tí ìyá Àjàyí Crowther gbé nítòsí Abẹ́òkúta?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ràn mí lọ́wọ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń tọ ipasẹ̀ Àfàlà, ìyá Àjàyí Crowther. Lọ́dún 1821 ni ogun kó Òṣoogùn, ìlú wọn, tí ọmọ sì já gbà mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọdún 25 kọjá kí ó tó tún fojú kàn án, ní Abẹ́òkúta, ọjọ́ 21 oṣù kẹjọ ọdún 1846. Crowther kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbígbọ̀n ni ìyá òun ń gbọ̀n, omijé ń dà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó ti gbẹ, ó sì ń fi orúkọ tí ìyá àgbà máa ń pè é nígbà èwe pè é. Mi ò lè ka ibẹ̀ kí ojú mi má rin. Ìyá àgbà ti kú sóko ẹrú. Àwọn arábìnrin Crowther méjèèjì wà lọ́dọ̀ ìyá wọn, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn, ní ìlú kékeré kan tí ó pè ní Abaka.

Abaka yìí gan-an ni mò ń wá. Kò fi àmì ohùn sí i, n ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ọmọ Òṣoogùn ni màmá mi, wọ́n sì fẹ́ fẹsẹ̀ ara wọn tẹ ibẹ̀. Ṣé ìlú náà ṣì wà? Ọ̀nà wo ni a ó gbà láti Abẹ́òkúta? Bí ó bá sì ti di ahoro, ìdílé wo ló ni ilẹ̀ ibẹ̀, ká lè lọ tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn?