Iyàn oníhà méjì kì í ṣe ìfọ̀rọ̀wérọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí "ìfọ̀rọ̀wérọ̀" jẹ́ orúkọ Yorùbá fún "debate", ìyẹn ètò tí wọ́n ti ń pín àwọn onímọ̀ sí apá méjì lórí ìtàgé, kí apá kan gbè lẹ́yìn kókó kan, kí ìkejì takò ó, kí òǹwòran sì dìbò. Mi ò fara mọ́ ọn rárá. Ẹni tó ń fọ̀rọ̀ wérọ̀ lè sọ pé, "Òótọ́ lẹ wí níbẹ̀ yẹn, àmọ́ ibí yìí ò tíì yé mi." Lórí ìtàgé yẹn, ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ti fi ìbò tọrẹ.

Ẹ wo Munk Debate, irú ètò bẹ́ẹ̀ kan ní Canada, tó wáyé ní Toronto lóṣù kẹfà ọdún 2023, lórí bóyá iṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá (AI) lè pa ìran ènìyàn run. Onímọ̀ nípa ọgbọ́n àtọwọ́dá ni àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó jiyàn. Yoshua Bengio àti Max Tegmark ní bẹ́ẹ̀ ni. Yann LeCun àti Melanie Mitchell ní rárá. Èrò àwọn méjì tó kẹ́yìn yìí ò sì dọ́gba. LeCun gbà pé ẹ̀rọ tó gbọ́n ju ènìyàn lọ ń bọ̀ lọ́jọ́ kan, pé a lè ṣe é kó má pani lára. Mitchell ń ṣiyèméjì nípa òye tí àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí ní. Ewu tó wà nílẹ̀ báyìí ló ń ká a lára, bí ẹ̀tanú inú ẹ̀rọ àti irọ́ tó ń tàn kálẹ̀. Ètò náà sọ wọ́n di ohùn kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n ka ìbò tán, àwọn tó gbà pé ewu wà ló ṣì pọ̀ jù, síbẹ̀ alátakò ni wọ́n kéde pé ó borí, torí pé iye ẹni tó yí èrò padà ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ta ló fẹ́ gbọ́ ìyẹn nínú ìròyìn tí kò ní ṣì í gbọ́?

Bákan náà ni ti irúgbìn tí wọ́n yí àbùdá rẹ̀ padà. Ìbẹ́pẹ Hawaii tí wọ́n ṣe kí àrùn má baà pa á, àti sóyà tí wọ́n ṣe kí oògùn apakoríko má baà pa á, ọ̀ràn ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ṣùgbọ́n "ṣé o gbà á àbí o kọ̀ ọ́" ti dì wọ́n pọ̀.

"Àríyànjiyàn" nìkan fẹ̀ jù, torí ìyàwó àti ọkọ náà ń ṣe é. "Iyàn oníhà méjì" ni mo fọwọ́ sí. Fún ẹni tó ń darí rẹ̀, "atọ́kùn" tí a ti ń lò tó.