Ìwé Nàìjíríà ni mo ní, mo fẹ́ ra ilẹ̀ oko ní Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Kétu àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo). Ọmọ Nàìjíríà ni mí, ṣùgbọ́n ọmọ Kétu ni ìyá mi, ibẹ̀ náà ni mo ń gbé. Wọ́n ní òfin ilẹ̀ Benin ti ọdún 2013 kò gbà kí àjèjì ra ilẹ̀ oko, àfi kó háyà rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ ju 50 ọdún lọ. Àjèjì, ní ilé ìyá mi! Ó dùn mí gan-an.

Ǹjẹ́ ẹnì kan ti gba ìwé ọmọ onílùú nípasẹ̀ ìyá kó tó lọ gba titre foncier (ìwé ẹ̀rí pé èèyàn ló ni ilẹ̀) ní ANDF, àjọ ìjọba Benin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀? Ìwé wo ni wọ́n bèèrè? Àbúrò ìyá mi ní kí n fi orúkọ òun rà á. Mo fọkàn tán an, àmọ́ lọ́jọ́ iwájú ńkọ́, tó bá kan àwọn ọmọ rẹ̀?